Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Mọ Ẹ̀gbọ́n

Ọkọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Bẹyẹrúnká tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn. A máa ń kí i ni. Ọmọ ilé tó bá ti ọjà dé á fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyàwó ilé tó bá ń jáde á kọ́kọ́ wo ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì rẹ̀, àlejò tó bá sì dúró ní Ọjà'ba tó ń bèèrè ọ̀nà ilé wa, wọ́n á ní kó máa lọ títí yóò fi rí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí adìẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Mọ́gàjí wa ló rà á, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí gbogbo agbo ilé. Nígbà tó wà láyé, ó máa ń gùn ún lọ kírun Jímọ́ọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tó ju òkúta dáadáa, òkúta náà á dé mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí ó kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé ọkọ̀ náà kì í ṣe ogún tí ẹnikẹ́ni lè pín. Ẹni tó bá jẹ mọ́gàjí lẹ́yìn òun ni kó máa gùn ún. Ó rò pé òun ti parí ìjà. Ẹni ire ni, àmọ́ kò mọ̀ wá tó.

Mẹ́rin ni òun àti àwọn àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan, bàbá kan. Olóògbé ni àkọ́bí. Bàbá mi ló tẹ̀ lé e. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí Ọjà'ba, ó mọ agbádá rán, ó sì tún mọ oníbàárà bá jà. Ẹni kẹta ń ta páànù ní Bẹẹrẹ, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń gbọ́ ẹjọ́ títí tí àwọn tó ń jà á fi gbàgbé ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Onípáànù ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹni kẹrin jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, òun nìkan ló máa ń so táì jẹ ẹ̀kọ. Ní Ìbàdàn wa, oyè ìlú kì í fo ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ kan ló ń tẹ̀ lé èkejì lórí àkàbà. Ṣùgbọ́n oyè mọ́gàjí ilé yàtọ̀, mọ̀lẹ́bí ló ń yan ẹni tó bá wù wọ́n, kí wọ́n tó mú un lọ han àwọn olóyè ní Mapo. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Onípáànù ni ipò náà tọ́ sí. Bàbá mi pàápàá mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bínú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ bàbá mi, ohun tó ń wá kì í ṣe ọlá lásán. Láti kékeré ló ti ń rìn lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ló ń gbé ẹní ìrun rẹ̀, òun ló ń rán aṣọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́ sí ẹni tí olóògbé kò fẹ́ rí. Ó fẹ́ jókòó síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó kú. Ó ti rán agbádá tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ti pẹ́ nínú àpótí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ti tú ọrùn rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó ń sanra.

Èmi ni mẹkáníìkì kan ṣoṣo tí ilé wa bí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Mọlété. Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ mi kò wu ẹnikẹ́ni nílé. Èmi náà kò bínú sí wọn. Mo fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì ju ènìyàn lọ, torí pé ẹ́ńjìnnì tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kò ní kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ọ.

Èyí tó wà nínú ọkọ̀ mọ́gàjí ni mo mọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Àwọn tó ń ṣe é ní Ìlú Ọba kì í da ti àtijọ́ nù. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe òmíràn, wọ́n á mú ti àná, wọ́n á fẹ ihò inú rẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á ní àbúrò rẹ̀ ti dé. Bó ṣe di ìdílé ńlá nìyẹn. Ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ àwọn tíṣà, ọ̀kan wà nínú fáànù tó ń pín búrẹ́dì ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, nígbà tó sì yá wọ́n gbé ọ̀kan dábùú sínú ọkọ̀ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àpótí aṣọ ìyàwó lọ. Bí nǹkan ti ọ̀kan bá bàjẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà a lè yọ ti èkejì fún un, kò sì ní bínú. Ọ̀gá mi máa ń ní irin ló lè ṣe irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ẹran ara kò lè ṣe é.

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí mo ní láti là yé yín, torí òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ihò mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, iná sì ń jó nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í jó láti iwájú lọ sẹ́yìn bí ìgbà tí a bá ń ka ọmọ. Ẹni kìíní á jó, ẹni kẹta á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹni kẹrin, ẹni kejì ló ń kẹ́yìn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí irin tó ń yí nísàlẹ̀ má baà máa gbọ̀n. Ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́rin, méjì. Gbogbo wa ní Mọlété la mọ̀ ọ́n lórí bí ọmọ kéú ṣe mọ Fátíhà. Wáyà mẹ́rin ló ń gbé iná náà lọ bá wọn, bí o bá sì fi wáyà ẹnìkan sí orí ẹlòmíràn, ọkọ̀ kò ní lọ.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ olóògbé, wọ́n ní kí n wá tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe, kí ẹni tó bá jẹ oyè lè gùn ún lọ sí Mapo. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni, gbogbo ilé ti ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n wá yí mi ká. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo lé adìẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ púlọ́ọ̀gì. Akọ̀wé rí ìwé pẹlẹbẹ kan nínú ọkọ̀, èyí tó bá a wá láti òkè òkun. Akọ̀wé kì í lè rí ìwé òyìnbó kó má kà á sétígbọ̀ọ́ ènìyàn. Ó ka ti ọ́ìlì, ó ka ti omi, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa bí ẹni pé a bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ètò iná sí, ó kà á sókè: "Ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́rin, méjì."

"Ẹ tún un kà," ìyàwó Onípáànù sọ. Ó ti gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Akọ̀wé tún un kà.

"Òyìnbó ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Pé bí ẹni kìíní bá ti lọ, ẹni kẹta ló kàn?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

"Ẹni kejì wá ńkọ́?"

Akọ̀wé wo ìwé, ó wo bàbá mi, ó yọ awò ojú rẹ̀. "Òun ló ń kẹ́yìn."

Bàbá mi ń ṣe àlùwàlá ìrun Alásárì lọ́wọ́. Ó dá bútà dúró, omi kò sì tíì kan ẹsẹ̀ kejì. Mo rí i tí àwọn ìyàwó ilé ń wo ara wọn, mo sì mọ̀ pé a ti wọ wàhálà.

Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹ̀yà méjì ni ilé wa. Àwọn tó wà lẹ́yìn Onípáànù ní Ọlọ́run kì í dákẹ́, ó ti bá wa sọ̀rọ̀ láti inú irin. Ìbátan wa kan rìn wá láti Ọ̀rányàn, ó ní kí n fi ẹni kẹta inú ẹ́ńjìnnì han òun. Mo fi hàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un díẹ̀, ó ní eré lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nígbà tó dìde. Onípáànù fúnra rẹ̀ kò dá sí i. Ó kàn ń ta páànù rẹ̀, ìyẹn sì tún ń mú kí inú bí bàbá mi sí i.

Bàbá mi náà kò jókòó. Ó lọ sí ibùdókọ̀ ní Bẹẹrẹ, ó ń bi àwọn awakọ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí iná ọkọ̀ wọn ṣe ń tẹ̀ léra. Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ọjọ́ kejì ló rí ọkọ̀ takisí kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sí nínú ìdílé ti ọkọ̀ wa, tí iná tirẹ̀ ń tẹ̀ léra ní ọ̀kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́ta. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé bí ọkọ ìyàwó.

"Ìdílé tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ!" ó kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹni kejì tẹ̀ lé ẹni kìíní! Ẹni kẹta ló kẹ́yìn!"

"Ilé onílé nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi," ìyàwó Onípáànù fi ìrẹ̀lẹ̀ dá a lóhùn, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀. "Ti ilé tiwa làwa ń sọ."

Ibi ìpàdé mọ̀lẹ́bí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìyá àgbà, àbúrò bàbá wọn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló jókòó sí àárín. Wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wọ́n ti ṣépè, wọ́n ti tọrọ àforíjì, wọ́n ti jẹ mọ́ínmọ́ín. Bàbá mi bá dìde. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọkọ̀ olóògbé. Ó ní bí wọ́n bá to wáyà yẹn bí ìyá àwọn ṣe bí àwọn, yóò lọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí kò yẹ kó sọ: "Bí kò bá lọ bẹ́ẹ̀ níṣojú gbogbo yín, kí n má jẹ oyè yìí láé! Kí àbúrò mi jẹ ẹ́!"

Ìyá àgbà ní gbogbo ènìyàn ti gbọ́. Ó ní ọjọ́ Àìkú, láàárọ̀, kí ọkọ̀ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá jàre á wọnú rẹ̀, a ó sì gbéra lọ sí Mapo.

Ní ọjọ́ kejì, mo wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí mo rí bàtà bàbá mi. Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ta ló bí ẹ?" ó bi mí.

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ta ló mọ ìdí ẹ́ńjìnnì yìí nínú ilé yìí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ó tán nìyẹn. Tò wọ́n bí wọ́n ṣe bí wa. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin."

"Bàbá, kò ní lọ bẹ́ẹ̀."

"Kò ní lọ? Ṣé ẹnìkan ti tò wọ́n bó ṣe yẹ rí ni? Wọn ò kọ́ wọn nílé ni wọ́n ṣe ń fò lórí ẹ̀gbọ́n. Ìwọ tò wọ́n. Wọ́n á mọ̀wà hù."

Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Nílé wa, ọmọ kì í sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," mo mú wáyà mẹ́ta, mo sì tò wọ́n bí ó ṣe wí.

Ọjọ́ Àìkú pé. Bàbá mi wọ agbádá rẹ̀, ó sì yẹ ẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ènìyàn kún láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta àtùpà. Bátìrì kò lágbára tó láti yí ẹ́ńjìnnì, nítorí náà háńdù ni mo fi ń yí i láti iwájú. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún gbàmù, èéfín dúdú ti kábúrétọ̀ yọ, àwọn ìyá arúgbó kígbe orúkọ Ọlọ́run, adìẹ sá gun orí ògiri. Mo yí i títí háńdù fi ta mọ́ mi lọ́wọ́. Ohùn kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀: á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á pariwo sí ojú òfuurufú, á tún dún lẹ́ẹ̀kan.

Akọ̀wé tẹ̀ síwájú, ó fi etí sílẹ̀. "Èwo ló ń dáhùn nínú wọn?"

Mo lè parọ́. N kò parọ́. "Ẹni kìíní nìkan ni, sà."

Ìyá àgbà sì rẹ́rìn-ín láti orí àga tí wọ́n gbé e lé. "Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́," ó ní. "Olóògbé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nílé yìí. Àwọn mẹ́ta tó kù, ariwo ni wọ́n ń pa."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó dé iwájú, ó sì dúró nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Òógùn ti mú kí ọrùn agbádá náà dúdú. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wo oníbàárà tí kò ní padà wá mọ́.

"Tò ó bó ṣe yẹ kó wà," ó sọ fún mi.

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa.

"O ò gbọ́ ni? Mo ní tò ó bó ṣe yẹ."

Wáyà mẹ́ta ni. Kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi tán lọ. Mo yí háńdù lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Ní Mọlété, ohùn yẹn ni à ń gbọ́ tí inú wa fi ń dùn. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kò sí ẹni tó yọ̀. Onípáànù wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ funfun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọkọ̀ yín. Irin lásán ni. Kín nirin mọ̀?"

"Mo ti búra," bàbá mi dáhùn. "Dìde, àwọn olóyè ń dúró dè ẹ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún àbúrò rẹ̀, òun ló tún kó etí aṣọ funfun àbúrò náà wọlé kí ilẹ̀kùn má baà há a. Èmi ni mo wà á. Bí a ṣe ń gun òkè Mapo, mo ń rí bàbá mi nínú gíláàsì, ó ń fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn ènìyàn, ó ká agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gba afẹ́fẹ́. Onípáànù kò wẹ̀yìn rárá. Ó sunkún títí a fi dé iwájú gbọ̀ngàn. Ó di mọ́gàjí dáadáa, ó sì dùn mí láti sọ ọ́: kò sí èyí tó ṣe é tó o nínú gbogbo àwọn tí mo bá láyé.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, bàbá mi wá bá mi níbi tí mo ti ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́. Ó ti bọ́ agbádá. Ó jókòó sórí táyà kan.

"Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan," ó ní. "Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n, èwo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe?"

"Kò sí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, bàbá. Irin kan náà ni wọ́n dà, lọ́jọ́ kan náà. Inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà."

"Kín wá ni wọ́n ń ka ọ̀kan, méjì fún?"

"Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ni. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹni kẹta á di ẹni kejì."

Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀."

"Kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, bàbá."

"O mọ èyí lọ́jọ́ tí akọ̀wé kàwé?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo búra."

Mo fẹ́ sọ pé ẹnikẹ́ni kò bi mí, pé àgbà ń sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ ni. Òótọ́ tó kù ni pé ó ń dùn mọ́ mi. Gbogbo ilé ń pè mí ní Ẹnjiníà, gbogbo wọn ń dúró de ọwọ́ mi, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè tán.

Bàbá mi dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ó ní. "O máa ń gbọ́ràn sí bàbá ẹ lẹ́nu." Ó sì wọlé lọ.

Ọdún méje ló tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Kò bú mi rí lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sì ń dúró kó bú mi títí a fi sin ín.